Ta Ló Máa Bèèrè Wọn Bí Wọn Ò Bá Dé?

(Ọ̀rọ̀ tí mo sọ níwájú ẹgbẹ́ àdúgbò wa ní Mọ́níyà, Ìbàdàn, ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2025. Àwọn kan ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí kò ráàyè wá. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe kọ ọ́.)

Alága wa, ẹ̀yin baba àti ẹ̀yin ìyá tó jókòó níwájú, mo kúnlẹ̀ o. Ẹ̀yin mógàjí tó yọjú sí wa, ẹ̀yin aṣáájú mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó dúró sẹ́yìn nítorí àga ò tó, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ kú ọdún òmìnira. Ìbàdàn, ọmọ ajòrosùn, ọmọ ajẹ̀gbín-yó, ọmọ afìkarahun-fọ́rí-mu, mo kí gbogbo yín.

Gbogbo wa la mọ̀ pé òní ni Nàìjíríà gba òmìnira. Àmọ́ òní náà ni ọjọ́ àwọn àgbàlagbà káàkiri ayé. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ló yà á sọ́tọ̀ lóṣù Kejìlá ọdún 1990, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní 1991. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà nígbà tí akọ̀wé wa pè mí pé kí n wá sọ̀rọ̀ lónìí. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì kí n tó fẹ̀yìn tì lọ́dún tó kọjá. Mo ti wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn àgbà tí mi ò lè ka iye wọn mọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, kò sí ẹ̀rọ tí a fi ń wọ̀n ọ́n.

Ìdáwà yàtọ̀, àárò yàtọ̀

Èèyàn lè dá wà kí àárò má sọ ọ́. Ọdẹ tó wà nínú igbó lóru dá wà, àmọ́ ó mọ ohun tó wá ṣe níbẹ̀, ó sì mọ̀ pé wọ́n ń retí òun nílé. Èèyàn sì lè wà láàárín ogún èèyàn kí àárò máa sọ ọ́ bíi kó sunkún. Ẹ má jẹ́ ká da méjèèjì pọ̀, torí bí a bá dà wọ́n pọ̀, a ó rò pé bí èèyàn bá ti wà nínú ilé pẹ̀lú àgbà, ọ̀rọ̀ ti parí.

Nígbà tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yan mínísítà tó máa bójú tó ọ̀rọ̀ àárò ní 2018, mo rántí bí a ṣe rẹ́rìn-ín ní wọ́ọ̀dù wa. A ní, "Ẹ wo àwọn òyìnbó! Ìjọba ló máa bá wọn wá ọ̀rẹ́?" A ní àwa ní ẹbí, àwa ní agbo-ilé, àwa ní ẹgbẹ́. Èmi gan-an wà lára àwọn tó rẹ́rìn-ín jù.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo lọ gbé ìyá mi wá sílé.

Ẹ sinmi, Mọ́mì

Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ èyí, nítorí òun gan-an ni mo bá wá.

Ìyá mi ta èlùbọ́ ní Ọjà'ba fún ohun tó lé ní ogójì ọdún. Kúdẹtì ni wọ́n ń gbé, nínú agbo-ilé bàbá mi, ilé alámọ̀ tí wọ́n rẹ́ ní sìmẹ́ńtì, tí ẹ bá wúkọ́ ní yàrá kan, wọ́n á kí yín "pẹ̀lẹ́" láti yàrá kẹta. Nígbà tí èmi àti ọkọ mi parí ilé wa níbí, ojú tì mí pé ìyá tó bí mi ṣì ń ru èlùbọ́ ní ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Mo lọ gbé wọn. Mo fún wọn ní yàrá tiwọn, fáànù, tẹlifíṣọ̀n, omi ẹ̀rọ nínú ilé, ọmọbìnrin kan tó máa fọṣọ fún wọn. Gbogbo ẹbí ló yìn mí. Mo ní, "Mọ́mì, ẹ ti ṣiṣẹ́ tó. Ẹ sinmi."

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, wọn ò jẹun tán mọ́. Lẹ́yìn oṣù márùn-ún, wọ́n máa ń bi mí léèmejì láàárọ̀ pé ọjọ́ wo la wà. Wọ́n á jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, tẹlifíṣọ̀n á máa sọ̀rọ̀, àwọn náà á máa wò ó, ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n kì í gbọ́ èsì. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo ṣe ohun tí nọ́ọ̀sì ń ṣe. Mo wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, ó dára. Mo yẹ ṣúgà wò, ó dára. Mo gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà, wọ́n kọ fítámì fún wa.

Nínú oṣù kẹjọ ni mo bínú. Mo mọ̀ pé kò yẹ, ṣùgbọ́n mo bínú. Mo ní, "Mọ́mì, kí ni mi ò ṣe fún yín? Kí ló kù?" Wọ́n wò mí fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n pè mí ní oríkì mi, wọ́n ní: "Àbẹ̀kẹ́, o ò ṣẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n níbí, bí mi ò bá jí, ìwọ nìkan lo máa mọ̀. L'Ọ́jà'ba, bí mi ò bá tíì dé títí agogo mẹ́sàn-án, ó kéré tán, èèyàn mẹ́rin á ti bèèrè mi."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Èèyàn mẹ́rin á ti bèèrè mi.

Wọn ò sọ pé ẹbí ò sí. Wọn ò sọ pé ebi ń pa àwọn. Ohun tó bọ́ lọ́wọ́ wọn ni ibi tí wọ́n ti ń retí wọn. Alábàárù tó máa ń gbé àpò fún wọn ń retí wọn. Oníbàárà tó ń ra ìdajì kóńgò láwìn ń retí wọn, bóyá nítorí gbèsè ló tilẹ̀ ṣe ń bèèrè. Ẹni tí ìsọ̀ rẹ̀ kángun sí tiwọn ń retí wọn kó lè lọ yàgbẹ́ kí wọ́n máa bá a wo ọjà. Gbogbo ìyẹn ni mo gbà lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ kan ṣoṣo, tí mo sì pè é ní ìtọ́jú.

Ẹ tiẹ̀ wo ọ̀rọ̀ "sinmi" tí à ń lò yìí. Ẹni tó bá kú la ń sọ pé ó ti lọ sinmi. Kí ló dé tí a fi ń yá a lò fún ẹni tó ṣì ń mí?

Ohun tí wọ́n ti rí n'Íbàdàn níbí

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìtàn ìyá mi nìkan ni mo gbé wá. Ìlú yìí wà lára àwọn ibi tí wọ́n ti ṣe ìwádìí jù nípa àgbà nílẹ̀ Áfíríkà, ọ̀pọ̀ ọmọ Ìbàdàn ni kò sì mọ̀.

Ní 1992, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntókun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indiana ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ojúlé kiri ní Ìdìkàn. Wọ́n ń wá àwọn tó ti pé ọdún 65 sókè, wọ́n sì ń fi wọ́n wé àwọn adúláwọ̀ ìlú Indianapolis. Nígbà tí èsì jáde ní 2001, iye àwọn tí àrùn ìgbàgbé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú lọ́dún kan ní Ìdìkàn kò tó 14 nínú 1,000. Ti Indianapolis lé ní 32. Mi ò ní sọ fún yín pé agbo-ilé ló fà á, nítorí oúnjẹ wà ńbẹ̀, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wà ńbẹ̀, ọ̀pọ̀ nǹkan ló wà ńbẹ̀.

Èyí tó kan ọ̀rọ̀ wa gan-an ni ìwádìí kejì, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gureje ṣíwájú rẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2003. Wọ́n bá àgbà tó lé ní 2,100 sọ̀rọ̀ ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá. Wọ́n bi wọ́n nípa ara wọn, owó wọn, oorun wọn, àwọn tí wọ́n jọ ń gbé. Ṣé ẹ mọ ohun tó fara hàn jù gẹ́gẹ́ bí ohun tó ń jẹ́ kí ayé àgbà dùn? Àjọṣe pẹ̀lú ẹbí, àti bí wọ́n ṣe ń kópa nínú nǹkan tó ń lọ ládùúgbò. Kíkópa, ẹ̀yin èèyàn mi. Kì í kàn ṣe pé èèyàn yí wọn ká.

Ní oṣù Kẹfà ọdún yìí, Àjọ Ìlera Àgbáyé náà gbé ìròyìn jáde pé ẹnì kan nínú mẹ́fà láyé ni àárò ń bá jà, àti pé ikú tó tó 871,000 lọ́dún ló tan mọ́ ọn. Bí ẹ bá pín in, ó ń lọ sí ọgọ́rùn-ún èèyàn láàárín wákàtí kan. Láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi, ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín.

Ilẹ̀kùn tó ń tì lọ́kọ̀ọ̀kan

Kí ló ń fà á tí àgbà kì í fi jáde mọ́? A máa ń sọ pé "wọ́n ti dàgbà". Ọjọ́ orí kọ́ ló ń ti ilẹ̀kùn mọ́ èèyàn. Nǹkan kéékèèké ni.

Etí ló kọ́kọ́ ń tì. Baba kan á jókòó sípàdé, àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kíní, ó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó dáhùn ohun tí wọn ò bi í, àwọn ọmọdé fi ṣe yẹ̀yẹ́. Kò wá mọ́. Àwa náà á ní "ó ti ń ṣarán". Lọ́dún 2024, àwọn onímọ̀ tí ìwé ìṣègùn Lancet kó jọ ka nǹkan mẹ́rìnlá tó lè dá kún àrùn ìgbàgbé tí èèyàn sì lè ṣe nǹkan sí. Etí dídi wà lára wọn. Ìdáwà wà lára wọn. Ẹ ò rí i pé ọ̀kan ń bí èkejì? Mo sì ti rí àgbà tó jẹ́ pé ìdọ̀tí ló kàn dì sí etí rẹ̀, tí wọ́n fọ̀ ọ́ fún ní ọsibítù ní ìṣẹ́jú díẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún torí pé ó gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀ ketekete. Ẹ má fi igbálẹ̀ tàbí ìyẹ́ adìyẹ ro etí fún wọn o. Ẹ gbé wọn lọ. Bí ẹ bá sì ń bá wọn sọ̀rọ̀, ẹ wá síwájú wọn kí wọ́n rí ẹnu yín, ẹ má pariwo láti ẹ̀yìn. Níbi àríyá, ẹ má fi wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn, kí ẹ wá máa sọ pé ọ̀wọ̀ lẹ bù fún wọn.

Ilẹ̀kùn kejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbà á, nítorí wọn kì í sọ ọ́ ní gbangba. Ìtọ̀ ni. Ìyá tó ti bímọ mẹ́fà, bí ó bá wúkọ́, ìtọ̀ lè yọ́ jáde. Baba tó ti lé ní àádọ́rin ọdún lè máa lọ tọ̀ ní gbogbo wákàtí. Bí wọ́n bá pè wọ́n síbi ìkómọ, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń rò ni pé "níbo ni mo ti máa tọ̀?" Nígbà tí wọn ò bá rí èsì, wọ́n á ní orúnkún ń dun àwọn. Alága, ẹ foríjì mí, mo fẹ́ sọ ti gbọ̀ngàn tí a wà nínú rẹ̀ yìí. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wa wà lẹ́yìn, àtẹ̀gùn márùn-ún ló wà níwájú rẹ̀, kò sí nǹkan tí èèyàn lè dì mú, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ẹnì kan tí a ní láti wá kiri. Ìyẹn ni pé a ti pinnu ẹni tí kò ní wá sípàdé wa, láì mọ̀ pé a pinnu ohunkóhun. (Nígbà tí mo sọ èyí, ìyá mẹ́ta ní ìlà iwájú pàtẹ́wọ́.)

Owó ni ìkẹta. Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, iye tí àgbà fi ń wọ ọkọ̀ akérò Micra lọ sípàdé òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì ti di ohun tí wọ́n ń rò léèmejì. Ẹ fi aṣọ ẹbí kún un. Mo rò pé ó yẹ kí ẹgbẹ́ yìí ṣòfin pé ẹni tó bá ti lé ní àádọ́rin ọdún kò ra aṣọ ẹbí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Kó wọ ohun tó bá ní, kó ṣáà wá.

Ẹ̀yin baba, ẹ gbọ́ tiyín

Àwọn obìnrin ṣì ní èésú, wọ́n ní àsàlátù, wọ́n ní ẹgbẹ́ ìyá ìjọ. Àwọn ọkùnrin wa, ní pàtàkì àwọn tó ṣiṣẹ́ ìjọba, ọ̀pọ̀ wọn ò ní nǹkan kan lẹ́yìn tábìlì ọ́fíìsì. Mo mọ baba kan ní Bódìjà tó jẹ́ ọ̀gá nílé iṣẹ́ ìjọba ní Agodi. Fóònù rẹ̀ kì í sinmi nígbà yẹn. Ó fẹ̀yìn tì, fóònù dákẹ́. Ìyàwó rẹ̀ lọ bá àwọn ọmọ wọn tọ́jú ọmọ ní Kánádà, oṣù mẹ́fà di ọdún kan. Àwọn ọmọ ń fi owó ránṣẹ́ dáadáa. Baba yìí wá ń jí ní agogo márùn-ún, ó ń wọṣọ, ó ń de bẹ́líìtì, á wá jókòó sí pálọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ṣé ẹ mọ ohun tó gbà á là? Ẹgbẹ́ onílé àdúgbò rẹ̀ ò rí ẹni tó lè ṣírò owó ọlọ́dẹ. Wọ́n gbé ìwé náà fún un. Iṣẹ́ tí kò tó wákàtí méjì lọ́sẹ̀ ni o. Ṣùgbọ́n bí ọlọ́dẹ ò bá rówó gbà lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹnu ọ̀nà baba yìí ló ń wá. Wọ́n ti ń retí rẹ̀.

Ìbàdàn mọ ọ̀rọ̀ yìí kí ẹnikẹ́ni tó ṣèwádìí rẹ̀. Ẹ wo bí a ṣe ń joyè. Mógàjí lèèyàn á kọ́kọ́ jẹ, á di Jagun, á máa gun àkàbà lọ sórí ìtẹ́ Olúbàdàn, ìgbésẹ̀ méjìlélógún ní ìlà Ọ̀tún, mẹ́tàlélógún ní ìlà Balógun. Ní ìlú mìíràn, ẹni ọgọ́rin ọdún ti parí ohun tó ń retí. N'Íbàdàn, ẹni ọgọ́rin ọdún ṣì ń retí ìgbéga! Olúbàdàn Owólabí Ọlákùlẹ́hìn gba adé ní oṣù Keje 2024 ní ẹni ọdún 89. Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá yìí la gbé Ọba Rashidi Ládọjà gorí ìtẹ́, ẹni ọdún 81. Kí kábíyèsí pẹ́ fún wa. Mi ò sọ pé gbogbo èèyàn ló máa joyè. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìlú tó mọ bí wọ́n ṣe ń fún baba arúgbó ní ìgbésẹ̀ tó kàn, kò yẹ kí ó jẹ́ kí ìyá arúgbó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n.

Kí la wá fẹ́ ṣe?

Ní Harare, ní Sìmbábúwè, dókítà ọpọlọ kan tó ń jẹ́ Dixon Chibanda ò rí owó, kò rí yàrá, kò rí nọ́ọ̀sì. Ìyá àgbà mẹ́rìnlá ló rí. Ní 2006, ó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ẹjọ́ ẹni tí ìrònú ti pọ̀ jù fún, ó gbé bẹ́ǹṣì sábẹ́ igi lẹ́bàá ọsibítù, ó ní kí wọ́n jókòó síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣèwádìí rẹ̀, tí èsì jáde ní 2016, ara àwọn tó bá àwọn ìyá náà jókòó yá ju ti àwọn tó gba ìtọ́jú lásán lọ. Ẹ wò ó, kò sẹ́ni tó lọ "bẹ àgbà wò" níbẹ̀. Àwọn àgbà ni olùtọ́jú. A ní bẹ́ǹṣì. A ní igi. Ìyá àgbà ńkọ́? Ṣé wọ́n wọ́n wa ni?

Ẹ̀yin ọmọ tó wà lókè òkun, tí ẹ ó gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lórí WhatsApp, mo mọ̀ pé ẹ ń pè. Ṣùgbọ́n "Ṣé ẹ ti jẹun? Ṣé ẹ ti lo oògùn?", ìbéèrè tí wọ́n ń bi aláìsàn nìyẹn, mo mọ̀ ọ́n, èmi náà ń bi wọ́n bẹ́ẹ̀ ní wọ́ọ̀dù. Ẹ bi wọ́n ní ohun tí ẹ̀yin ò mọ̀. Ẹ ní kí wọ́n kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń ro àmàlà tí kò ní kókó. Ẹ bi wọ́n pé ta ló ni ilẹ̀ ẹ̀bá odò yẹn. Ẹ ní kí wọ́n ki yín, kí ẹ gbà á sílẹ̀.

Bí ẹ bá sì rí àgbà tó ti ń yí padà, tí kò jẹun, tí kò sùn, ẹ má pè é ní àárò lásán. Ó lè jẹ́ àìsàn. Ilé ìtọ́jú àgbàlagbà wà ní UCH, ọsibítù ńlá Yunifásítì Ìbàdàn, láti 2012, tiwọn nìkan ni. Ẹ gbé wọn lọ síbẹ̀.

Fún ẹgbẹ́ wa, nǹkan kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún: kí a dá èésú sílẹ̀ fún àwọn àgbà àdúgbò yìí, ọgọ́rùn-ún náírà péré, lọ́jọ́ mẹ́ta mẹ́ta. Owó yẹn ò lè ra nǹkan kan, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n èésú ni ẹgbẹ́ kan ṣoṣo tí mo mọ̀ tó jẹ́ pé bí o ò bá dé, dandan ni kí wọ́n wá ọ wálé.

Ìyá mi? Wọn ò padà sí Kúdẹtì, orúnkún ò gbà á mọ́. A gbé tábìlì kan síwájú géètì fún wọn, èlùbọ́, gàrí, iyọ̀, ata gígún. Mo ṣírò èrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mi ò ṣírò ẹ̀ mọ́. Wọ́n ti pé ọdún méjìlélọ́gọ́rin. Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, ọ̀fìnkìn mú wọn, mo ní kí wọ́n má jáde. Kí agogo mẹ́sàn-án tó lù, ọmọ iléèwé kan ti kan géètì, ó fẹ́ ra gàrí. Aránṣọ òdìkejì títì wá. Alájọ wá pẹ̀lú káàdì rẹ̀. Ọlọ́kadà tó ń jẹ wọ́n ní ẹgbẹ̀rún kan wá, kò tiẹ̀ mú owó náà dání. Ẹni karùn-ún ni ìyá kan tí mi ò mọ̀ rí, ó gbé agbada ẹ̀kọ lórí, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ìyá ẹlẹ́lùbọ́ dà?"

Mo pè wọ́n látita. Mo gbọ́ tí wọ́n ń wá bàtà wọn nínú yàrá.